Ẹjọ́ Àmì Kékeré Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Wa

Kò sí ohun tí ènìyàn kì í dá sí ní ayé òde òní, bí ó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí kò lè tún àtùpà ilé rẹ̀ ṣe yóò jókòó níbi àpèjẹ, yóò sì máa ṣàlàyé fún gbogbo àlejò bí ó ti yẹ kí àwọn òyìnbó ṣe kọ̀ǹpútà. A kò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo wa, nítorí agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé tí kò sí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ tí a ń gbọ́ káàkiri, ọ̀kan wà tí ó ń dùn wá, nítorí pé èdè wa ni ó kàn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò fẹ́ àmì. Wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a dá ẹ̀rọ fún, nítorí náà kí a yọ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò nínú Yorùbá, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ní lọ́kàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Bí ọmọ kan tí ó wà ní Èkó bá kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí pé, “Mo ti ra oko,” láìsí àmì kankan, kí ni ìyá yóò rò? Ó lè jẹ́ pé oko ni ọmọ rà, tí yóò máa gbin iṣu sí. Ó lè jẹ́ ọkọ́, tí a fi ń kọ ebè. Ó sì lè jẹ́ ọkọ̀, tí ìyá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ti di ọlọ́kọ̀, tí àwọn ẹbí yóò sì máa ka ọjọ́ tí yóò gbé e wálé. Ẹni tí ó wà nítòsí lè béèrè. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìhágún lẹ́yìn tí olówó ti kú, ta ni yóò bi? Igba wà, tí í ṣe iye. Igbá wà, tí a fi ń bu omi. Ìgbà wà, tí ń lọ tí kì í dúró. Igbà sì wà, tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tí ó ní àmì kò wúlò, kí ó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé láìsí àmì, kí ó fún ọmọ rẹ̀ tí a tọ́ ní òkè òkun, kí ó sì ní kí ó kà á sókè.

Ẹ jẹ́ kí a wá mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Nígbà tí a bá tẹ A ńlá, 65 ni ó ń fi pamọ́. Bí a bá tẹ e kékeré, 101 ni. Àwọn ènìyàn ni wọ́n jókòó, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé nọ́ńbà báyìí ni yóò dúró fún lẹ́tà báyìí. Ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 1963, wọ́n sì pè é ní ASCII. Àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ibi ìpamọ́ nínú ẹ̀rọ ìgbà náà kéré, owó rẹ̀ sì ga púpọ̀. Wọ́n yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn àṣẹ tí a fi ń darí ẹ̀rọ. Wọ́n fi ábídí Gẹ̀ẹ́sì, iye àti àmì ìdánudúró sí ìyókù. Àyè sì tán. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó wà lóde. Ará Faransé kò rí é rẹ̀ níbẹ̀, ará Jámánì kò rí ü rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é kò kórìíra wa. Wọn kò tilẹ̀ rántí pé a wà.

Lẹ́yìn èyí, olúkúlùkù orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà kan náà jẹ́ lẹ́tà kan ní Gíríìsì, ó jẹ́ òmíràn ní Rọ́ṣíà, ìwé tí a bá sì fi ránṣẹ́ láti ìlú kan dé èkejì a di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ó bí ètò tí à ń pè ní Unicode, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Èrò àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni pé kí gbogbo lẹ́tà tí ọmọ ènìyàn fi ń kọ̀wé ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí òmíràn kò ní jẹ́. Lónìí, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti ju 150,000 lọ. Tiwa náà wà níbẹ̀: ẹ ni 7865, ọ ni 7885, ṣ sì ni 7779. Ẹni tí ó bá ń wí pé kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ àti ọ, ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ó ṣì ń sọ.

Ọ̀nà tí ẹ àti ọ wa gbà ní nọ́ńbà yìí yani lẹ́nu, a kò sì ní ṣàì sọ ọ́. Àwọn ará Vietnam, ní Éṣíà lọ́hùn-ún, náà a máa fi àmì sábẹ́ e àti o. Àlùfáà Alexandre de Rhodes tẹ ìwé atúmọ̀ èdè wọn jáde ní Róòmù ní 1651, àmì ìsàlẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn àmì ohùn ni. Lọ́dọ̀ wa, ó ń sọ fáwẹ̀lì kan di òmíràn. Àwọn baba wa rí tiwọn gbà ní ọ̀nà mìíràn. Lepsius ará Jámánì ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ábídí tí ó lè bá gbogbo èdè mu jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1855, nígbà tí ó sì di 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó láti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ó ju 200 ọdún tí ó wà láàrin àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí. Síbẹ̀, nínú ẹ̀rọ, ibùgbé kan náà ni ẹ ti Crowther àti ẹ ti de Rhodes ń gbé.

Ní ibi yìí ni àwọn tí ó mọ̀ ju àwọn ti ìṣáájú lọ yóò dìde, tí wọn yóò ní a ti rẹ́ wa jẹ. Wọ́n ní ẹ wà, é sì wà, ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ará Vietnam ní ệ tirẹ̀ lódidi. Òótọ́ ni. Àwọn ará Vietnam ti ṣe ètò nọ́ńbà ti ara wọn fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jà fún un. Àwa kò mú ohunkóhun dání dé ibẹ̀. Láti 2001 ni a sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lẹ́tà alámì tuntun irú èyí kò tún ní gba nọ́ńbà odidi mọ́. A ó máa tò ó pọ̀ ni, àmì lórí lẹ́tà. Inú àwọn ènìyàn wa kò dùn sí èyí, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìpinnu náà tọ́. Bí a bá fún ẹ́ ní nọ́ńbà tuntun lọ́la, gbogbo ìwé Yorùbá tí a ti tò pamọ́ láti ọdún yìí wá yóò di àjèjì sí i.

Ìṣòro tòótọ́ wà nínú títò náà. A lè fi nọ́ńbà ẹ, 7865, síwájú, kí a fi 769 tí í ṣe àmì òkè tẹ̀ lé e. A lè mú e lásán, 101, kí a fi 803 tí í ṣe àmì ìsàlẹ̀ kún un, kí a tó fi 769 sí i. A lè mú é, 233, kí a fi 803 sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé orúkọ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ sì sọ fún un pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, nígbà tí orúkọ náà wà ní iwájú rẹ̀ gbangba. Òfin wà tí ó ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tí ó ń ṣe ètò ẹ̀rọ kò ní ju kí ó pè é lọ. Bí kò bá pè é, àìbìkítà ni, kì í ṣe àìlágbára kọ̀ǹpútà. Àwa fúnra wa ti rí fọ́ọ̀mù kan rí, tí a kò ní dárúkọ ẹni tí ó ni ín, tí ó kọ ọ̀rọ̀ pupa sí wa pé orúkọ tí baba wa sọ wá kì í ṣe orúkọ tí ó tọ́, kí a tún un kọ. A yọ àmì, ó gbà á. Ó ń dùn wá títí di òní pé a yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ẹjọ́ yìí dojú kọ àwọn ènìyàn wa nìkan, nítorí ìgbà kan wà tí yíyọ àmì kì í ṣe ọ̀lẹ, owó ni. Ẹ rántí pé ní 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń fi kí ara wọn. Ní Jámánì, ní 1985, Friedhelm Hillebrand jókòó ní ìlú Bonn, ó ń tẹ gbólóhùn lóríṣiríṣi, ó ń ka iye lẹ́tà tí ó wà nínú wọn, ó sì rí i pé 160 tó fún ohun púpọ̀ tí ènìyàn máa ń fẹ́ sọ. Báyìí ni 160 ṣe di òṣùwọ̀n. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1992.

Lẹ́tà tí ó wà nínú àkójọ kékeré tí wọ́n fi ṣe 160 yìí ni kí ẹ wò. À, è, ì, ò àti ù alámì wà níbẹ̀ ní kékeré. É wà níbẹ̀. Kódà díẹ̀ nínú lẹ́tà ńlá ti Gíríìkì wà níbẹ̀. Á kò sí, í kò sí, ó kò sí, ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí rárá. Bí a bá sì fi ẹyọ ọ̀kan nínú àwọn tí kò sí yìí sínú ìwé, gbogbo ìwé náà ni yóò yí padà sí ètò tí ó fẹ̀ jù ú lọ, àyè yóò sì ti 160 wálẹ̀ di 70. Bí ìwé bá gùn, tí a ní láti pín in, 67 ni yóò máa wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìwé oní-160 lẹ́tà tí ènìyàn fi kí ìyá rẹ̀ láìsí àmì, iye ọ̀kan ni yóò san. Bí ó bá fi àmì ìsàlẹ̀ kan péré sí i, iye mẹ́ta. Ta ni yóò bá ọmọ ilé-ìwé wí pé ó yọ ọ́? Inú ilé bí èyí ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tí ó ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà fi dàgbà, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ wọn báyìí pé bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá rí.

Gbèsè yẹn ti kúrò lọ́rùn púpọ̀ nínú wa. Lórí WhatsApp àti nínú ímeèlì, kò sí ẹni tí ń gba owó àmì. Ohun tí ó kù ni ìka. Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ALT-I, ní Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá fún kọ̀ǹpútà. Windows ní ti Yorùbá nínú. Gboard ti Google náà ní in lórí fóònù. (A ṣì ní ẹ̀sùn kan lọ́wọ́: ẹ̀rọ púpọ̀ kò tíì mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú lẹ́tà 25 wa. Ó ń to “gbogbo” síwájú “gé” nínú àkójọ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aláàbídí mọ̀ pé g ni a ó kọ́kọ́ parí kí a tó dé gb.) Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ láti sọ̀rọ̀ àti láti túmọ̀ èdè sì ń kó ohun tí a bá kọ jọ láti fi kọ́ ọ. Ìwé Yorùbá aláìlámì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ẹ̀rọ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ju kí ó máa méfò ibi tí àmì ì bá wà. Ẹ̀rọ náà yóò ka “Mo ti ra oko,” yóò sì yan ọ̀kan fún wa, bóyá ọkọ̀, bóyá ọkọ́.

Fún àwọn òbí tí ó bi wá bí a ti í ṣe é: ẹ ṣí ètò inú fóònù yín, ẹ lọ sí ibi tí èdè àti bọ́tìnnì ìtẹ̀wé wà, ẹ yan Yorùbá nínú àkójọ èdè, kí ẹ sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ lè máa yí láti ọ̀kan sí èkejì nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé. Ọjọ́ kìíní yóò lọ́ra. Orúkọ àwọn ọmọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.