Ìrìn Ẹsẹ̀ fún Aboyún tí ó Sanra

Bí obìnrin tí ó sanra púpọ̀ bá lóyún, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa wí pé, “Jókòó, kí o má ba oyún jẹ́.” Ìfẹ́ ni ó mú wọn wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó gẹlẹtẹ kì í ṣe é ní ire. Irú aboyún bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ inú oyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń tètè kọlù. Ìrìn ẹsẹ̀ a máa dín ewu wọn kù, nítorí pé iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn aboyún tí kò ní ìdíwọ́ àìsàn ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí ni 30 ìṣẹ́jú ní ọjọ́ 5.

Kí aboyún kọ́kọ́ bi agbẹ̀bí léèrè. Kí ẹni tí kò mọ́ lára fi 10 ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ í wọ ọgbà. Kí ó rìn nígbà tí oòrùn kò mú, kí ó sì mu omi. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ bí ó ti ń rìn, kí ó dẹ ẹsẹ̀. Ẹrù igi wíwúwo kì í ṣe eré ìdárayá.

Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà lójú ara rẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú, kí ó dúró, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi aya yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bá a rìn.