Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Níwájú Windows 11

Ìsọ̀ kan wà lẹ́bàá títì ní Ajíbọ́dẹ, lágbègbè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn pọ̀ sí. Laptop tòkunbọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì, ThinkPad T470 àti T480. Ẹni tí kò bá fojú sí i dáadáa á ní ìbejì ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fẹ́ ra ọ̀kan ti di T470 mú, torí pé owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti èkejì.

"Àbúrò, fara balẹ̀ ná," ni ẹ̀ńjiníà tó ń tà wọ́n wí. Ó tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ó kọ msinfo32. Gbogbo ìtàn ẹ̀rọ náà tú síta. Ó fìka sí ibi tí wọ́n kọ i5-7300U sí. "7 tó tẹ̀lé dáàṣì yìí ló ń sọ ìran tí processor ti wá. Nínú ti Intel, láti 8 lọ sókè ni Windows 11 sábà máa ń gbà."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ ní RAM ẹ̀ jẹ́ 8GB?"

"4GB péré ni wọ́n ń béèrè. Ìyẹn kọ́ ni wàhálà."

Ó tún kọ tpm.msc láti wo TPM, ìyẹn ṣíìpù ààbò inú ẹ̀rọ náà. 2.0 ló hàn níbẹ̀, iye tí Windows 11 ń fẹ́ gan-an. Ẹ̀rọ náà ní Secure Boot pẹ̀lú. Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọjọ́ orí processor nìkan ni wọ́n fi lé e kúrò nílé. Ọjọ́ 5 oṣù October 2021 ni Windows 11 jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù October 2025, Microsoft jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Ẹ̀rọ á ṣì máa tàn o. Àmọ́ ihò tí olè bá rí lẹ́yìn ìgbà náà, kò sẹ́ni tó máa dí i, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan.

Ẹ̀ńjiníà ní òun lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú fi Windows 11 sí T470 náà. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ó kan T480: i5-8350U. PC Health Check, ètò tí Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe fún àyẹ̀wò yìí, ní ó yege.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi T470 ṣe?"

"Linux Mint ni màá fi sí i. Á tẹ project fún ẹ, á wo fíìmù, á wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ AutoCAD lo fẹ́ máa lò, má gbé e. AutoCAD ò ní ti Linux."