Ta Ló Ni Àmì Ara Aṣọ? Iṣẹ́ Ayàwòrán Lógò Láàárín Àwọn Aláṣọ Abẹ́òkúta

Lábẹ́ Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣí ọjà àdìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ará Lọ́ńdọ̀nù lè ra aṣọ ọjà Ìtokù ní Abẹ́òkúta láìjẹ́ pé ó wọkọ̀ dé gáréèjì Kuto. Ọjà ìjọba nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn aláró, àwọn aránṣọ àti àwọn ọ̀dọ́ ológe náà ń kóra jọ lórí Instagram àti WhatsApp. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ń gbòòrò, ẹni tí wọ́n máa ń wá kiri ni ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà, tí yóò ya lógò fún wọn, tí yóò sì kọ́ ìkànnì wọn.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbòde, àwọn ọkùnrin ló ń gé bátánì sára páànù pẹlẹbẹ, wọ́n a sì fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ kí àwọn obìnrin tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọdún 1935, tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, ló bí àdìrẹ Olóba, tó gbé àwòrán ọba àti ayaba. Ẹni tó gé páànù kì í ta aṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni oníbàárà ń kọ́kọ́ rí.

Láàárín ọdún 1930 sí 1939 kan náà ni wàhálà dé. Àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de lílò wọn, àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ bátánì àdìrẹ sí láti Ṣáínà ló ń bá tàwọn aláró du ọjà ní Ìtokù. Ìbéèrè ayé ìgbà náà ṣì wà nílẹ̀: báwo ni ẹni tó ń rajà yóò ṣe mọ ojúlówó?

Ibẹ̀ ni lógò ti wúlò. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ pé ta ni wọ́n ń tajà fún. Yóò ya àmì náà ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kó lè hàn kedere lójú fóònù, lára lébẹ́ẹ̀lì ọrùn aṣọ àti lára báńà ńlá ní Gbọ̀ngàn Àṣà June 12 ní Kuto. Ìkànnì ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ dátà púpọ̀. Ojúmọmọ ni kí wọ́n ti ya fọ́tò aṣọ, kí àwọ̀ ẹ̀lú má baà yàtọ̀ nígbà tó bá dé ilé oníbàárà. Kí ìwọ̀n àti iye owó aṣọ hàn gbangba, kí ọ̀nà ìsanwó bíi Paystack sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í béèrè. Lábẹ́ Òfin Kọ́píráìtì ti ọdún 2022, ẹni tó ya àwòrán ló ni ín, àní bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ ti sanwó rẹ̀, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ohun ọ̀tọ̀ sì ni kí a forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá: ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún 14 sì ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. Àdírẹ́sì tó parí sí .ng wà lábẹ́ àbójútó àjọ NiRA. Bó bá jẹ́ orúkọ ayàwòrán ni wọ́n fi gbà á, ọjọ́ tí ìjà bá dé ni ẹgbẹ́ yóò mọ̀ pé ilé onílé làwọn ń gbé.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣọ, kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ̀yin lẹ ni lógò náà, kí ẹ sì fi orúkọ ẹgbẹ́ yín gba àdírẹ́sì ìkànnì. Ẹ̀yin ayàwòrán náà, ẹ má ṣe jí bátánì ẹlòmíràn lò. Lógò tó rẹwà kò lè gba aṣọ tí kò dára sílẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tó dára tí kò ní àmì tirẹ̀, ayédèrú ni yóò jèrè rẹ̀.