Bọ́ọ̀tù Yípo Ọdún ní Èkó: Ìtọ́jú àti Àtúnṣe Rẹ̀

Láti oṣù Bélú títí dé ìparí oṣù Èrèlé, bọ́ọ̀tù ní Èkó máa ń rí ìsinmi díẹ̀ lọ́wọ́ omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Bó bá ti di oṣù Igbe, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ léraléra, yóò le jù lọ nínú Òkúdù, yóò dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù Ògún, yóò sì tún padà wá ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Rowe Park ní Yábàá, àti ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀tù iṣẹ́ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, ojú ọ̀run ló yẹ kí wọ́n máa wò bíi ti àgbẹ̀.

Bọ́ọ̀tù méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Èkíní ni ti agbábọ́ọ̀lù, èyí tó ní sítọ́ọ̀dù nísàlẹ̀. Èkejì ni bọ́ọ̀tù iṣẹ́, séfútì tí mẹkáníìkì, wẹ́dà àti àwọn tó ń kọ́lé ń wọ̀, tí irin wà níbi ọmọ ìka rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe, ṣùgbọ́n ikú kan náà ló sábà máa ń pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀dà títì tàbí bọ́ọ̀lù gbígbá ló ń ba bọ́ọ̀tù jẹ́. Lóòótọ́, ìyẹn ń jẹ ẹ́, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀tá gan-an ni omi tí a fi sílẹ̀ sínú rẹ̀, àti oòrùn tí a fi ń lé omi náà jáde tipátipá.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sókè òkun nínú bọ́ọ̀lù kò ní wàhálà yìí. Lọ́dún 1949, nígbà tí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní UK Tourists wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn òyìnbó, báńdéèjì ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Teslim Balógun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà lára wọn. Nígbà tó di 1956, ó ti di agbábọ́ọ̀lù Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Sùúrùlérè, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007 lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Stadium, koríko àtọwọ́dá ni wọ́n tẹ́ sí i. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: orí irú koríko bẹ́ẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀tù ti ń jìyà. Ike ni, oòrùn ọ̀sán á mú un gbóná janjan. Sítọ́ọ̀dù gígùn tí wọ́n ṣe fún koríko gidi máa ń há sínú rẹ̀; bí ara bá yí tí ẹsẹ̀ kò yí, ó lè jẹ́ sóòlù ni yóò ya, ó sì lè jẹ́ orúnkún. Bọ́ọ̀tù tí sítọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrú tó sì pọ̀ ló yẹ ibẹ̀.

Ní ti sẹ́ẹ̀tì àdúgbò, tí a ń gbá lórí ọ̀dà pẹ̀lú góòlù kékeré, bọ́ọ̀tù tí rọ́bà wínníwínní wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè fara dà á. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀tù pápá sórí ọ̀dà, sítọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní pẹ́ jẹ, ẹ̀gbẹ́ kan á sì jẹ ju ìkejì lọ, ọrùn ẹsẹ̀ á wá máa yẹ̀. Sítọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ sóòlù, bó bá ti jẹ, ó jẹ náà nìyẹn. Bí aránbàtà kan bá ní òun á gé táyà, òun á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Àwọn tí tiwọn ní síkúrúù ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Irú sítọ́ọ̀dù yìí ni Adi Dassler, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Adidas sílẹ̀, fi sí ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ ọdún 1954 nílùú Bern. Òjò ń rọ̀, pápá ń yọ̀, wọ́n lu Hungary ní 3 sí 2, wọ́n sì gba Ife Àgbáyé. Ní Èkó, ìpẹtà ni ewu tó wà nínú irú sítọ́ọ̀dù yìí. Lẹ́yìn eré inú ẹrẹ̀, ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn iyanrìn kúrò nínú ihò rẹ̀, kí ẹ fi gírísì díẹ̀ pa ojú síkúrúù kí ẹ tó dá a padà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láti Igbe dé Agẹmọ láìtú u, ẹ̀mú ni ẹ ó fi yọ ọ́, ihò á sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òjò fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀tù tó ti mumi yó, ẹ má sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì fi sínú báàgì ọ̀rá di ọjọ́ kejì. Ẹ tú okùn rẹ̀ pátápátá, ẹ fa ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ fi omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ ẹrẹ̀ kúrò. Tó bá jẹ́ awọ ni, ẹ jìnnà sí ọṣẹ ìfọṣọ alágbára, nítorí ó ń fa ọ̀rá ara awọ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ rún ìwé ìròyìn àtijọ́, irú èyí tí oníṣuyà fi ń di ẹran, kí ẹ kì í sínú rẹ̀ títí dé ibi ọmọ ìka. Ìwé náà á fa omi. Bó bá ti rin, ẹ yọ ọ́, ẹ fi gbígbẹ sí i. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe nìyí, wọ́n á kì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, bọ́ọ̀tù á sì bu láti inú wá. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lábẹ́ òjìji. Bí iná bá wà, fáànù ṣe é lò. Orí páànù, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, gbogbo wọn ni kò dáa. Ooru á mú gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ rọ̀, awọ á sún kì, á sì là. Àwọn tó ń ki káńfọ̀ sínú bàtà, òórùn ni wọ́n ń lé, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wọ séfútì lójoojúmọ́ nígbà òjò, bí agbára bá ká a, kó ní méjì, kó máa fi ọ̀kan sinmi. Èyí tó ń sinmi náà ló ń gbẹ.

Bó ti wù ká tọ́jú rẹ̀ tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí bàtà á lanu. Níbi tí sóòlù ti pàdé òkè bàtà, lápá iwájú tó ń ṣẹ́ nígbàkigbà tí a bá gbẹ́sẹ̀, ni gọ́ọ̀mù ti kọ́kọ́ ń jáwọ́. Ibi tó bá là níwọ̀n ìdajì ìka, ẹ má dúró dìgbà tó bá fẹ̀ sí i. Iyanrìn tó bá wọ ibẹ̀ á máa gé ìyókù.

Gọ́ọ̀mù aránbàtà, èyí aláwọ̀ ìyeyè nínú agolo, ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni a ń fi í pa. Kí a tó pa á, a ó ti ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù, a ó fi bẹntiróòlù tàbí tínà nù ún, a ó sì fi sáńpépà ha ojú méjèèjì kó lè rí págunpàgun. Òróró, gírísì àti kíwì kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú rárá, ìdí nìyẹn tí bàtà mẹkáníìkì fi ń tún là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: ojú ọ̀rá ni wọ́n lẹ gọ́ọ̀mù mọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sùúrù ló kù. Níwọ̀n ìṣẹ́jú 10 sí 15, omi ara gọ́ọ̀mù á fò lọ. Bí a bá fi ẹ̀yìn ìka kàn án tí kò fa ìka mọ́ra mọ́, ìgbà náà ni a ó pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, a ó fi òòlù lù ú, a ó sì fi rọ́bà tíúbù wé e títí di ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ kíá, aago mẹ́rin la máa wọ pápá.”

“Ọmọ mi, gọ́ọ̀mù ò mọ aago mẹ́rin.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹni tó bá sì sá lọ ra súpà gúlúù nítorí pé kíákíá ló ń mú, kó mọ̀ pé ó ń le gbagidi bó bá ti gbẹ ni. Ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́ kò fẹ́ nǹkan líle. Á dá, tòun ti awọ tó lẹ̀ mọ́.

Rírán ló tún kù. Ní Èkó, bàtà tuntun gan-an ni ọ̀pọ̀ ń gbé fún aránbàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ rárá, pàápàá àwọn ọmọ Hausa tó ń gbé àpótí kiri, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì lu àpótí kí a lè gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Mo fara mọ́ àṣà yìí fún séfútì. Fún bọ́ọ̀tù pápá, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, nítorí gbogbo ihò tí òòlu bá lu ni omi á gbà wọlé. Aránbàtà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́, á wá rán an. Á fi ọ̀bẹ la ojú ọ̀nà tín-ín-rín sára sóòlù kí òwú lè rì sínú rẹ̀, kí ọ̀dà má baà gé e. Á fi ìda tàbí àbẹ́là pa òwú náìlọ́ọ̀nù náà. Bí ẹ bá rí i tó ń rán an sétí sóòlù, ẹ dá a dúró. Ibẹ̀ ni yóò ti fàya. Múṣin ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra awọ, sóòlù, òwú àti gọ́ọ̀mù, nítorí náà bí ẹ bá ń wá sóòlù tuntun tó bá tiyín mu, ẹ lè bá aránbàtà yín dé Múṣin.

Àìsàn kan wà tí rírán àti gọ́ọ̀mù kò lè wò. Ẹ ti lè rí i rí: bọ́ọ̀tù tòkunbọ̀ láti orí àtẹ òkìríkà ní Yábàá, ó ń dán, bíi pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí, ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, sóòlù rẹ̀ sì ń rún jáde lẹ́yọ-lẹ́yọ lójú títì. Ẹni tó tà á kò fi oògùn sí i. Fóòmù polyurethane ni wọ́n fi ṣe agbede méjì sóòlù rẹ̀, àwọn séfútì àti bàtà orí òkè ló sì ní in jù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú irú fóòmù yìí ká láti inú, ooru á sì mú un yá, yálà a wọ bàtà náà tàbí a tò ó sínú páálí. Ọdún 5 sí 10 ni wọ́n sábà máa ń kà fún un, afẹ́fẹ́ Èkó kò sì ní jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀tù gun òkè yìnyín nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ àìsàn yìí dáadáa. Onípele méjì ni tiwọn, ike líle lóde, ìbọ̀sẹ̀ fóòmù nínú. Alaalẹ́ ni wọ́n ń fa ti inú yọ kó lè gbẹ, wọn kì í sì gbé e súnmọ́ iná. Síbẹ̀ ike tó ti darúgbó á ṣì là lọ́jọ́ kan.

Kí ẹ tó sanwó òkìríkà, ẹ ka àmì kékeré tó wà nínú ahọ́n bàtà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ sóòlù náà kọ́rọ́, kí ẹ sì fi èékánná tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá là wínníwínní, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èyí tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín, ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹ yọ okùn rẹ̀, ó ṣì wúlò.

Ọyẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Eruku ni ẹ ó máa nù kúrò, awọ ni ẹ ó sì fi òrí díẹ̀ pa kó má baà là. Díẹ̀ ni mo wí, nítorí ọ̀rá tó bá pọ̀ ń fa iyanrìn mọ́ra, ẹ sì ti gbọ́ ohun tó ń ṣe fún gọ́ọ̀mù. Ohun tó dáa jù nínú ọyẹ́ ni gbígbẹ rẹ̀. Nígbà òjò, ìrì tí a kò fojú rí máa ń bo ojú gọ́ọ̀mù bó ṣe ń gbẹ, kì í sì mú bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹ gbé bọ́ọ̀tù tó fẹ́ àtúnṣe lọ fún aránbàtà láàárín Ọ̀pẹ sí Èrèlé, ó pẹ́ tán kó jẹ́ àárín Ẹrẹ́nà. Ní Òkúdù, èrò á ti pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.