Àwọn Onípààrọ̀ Owó Ẹnubodè Sẹmẹ

Ẹni tó bá ń gba Àgbádárìgì lọ sí Kútọnu mọ̀ wọ́n. Kó tó kúrò ní ẹnubodè Sẹmẹ, wọ́n á ti pè é: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ṣẹ́ńjì!" Abẹ́ agbòòrùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, ìdì náírà àti sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Kútọnu, lórí tábìlì. Àlejò ń bẹ̀rù wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣòwò Èkó fọkàn tán wọn. Lójú tèmi, àìmọ iye tí owó ń lọ ló ń jẹ ará ìrìn àjò níyà ju ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn lọ.

Ọdún 1945 ni wọ́n dá sẹ́fà sílẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ owó Faransé. Ní January 1994, wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kó o jọ rí màbo. Láti 1999, yúrò ni wọ́n so ó mọ́: 655.957 sẹ́fà fún yúrò kan. Torí náà, bí wọ́n bá ní sẹ́fà ti wọ́n lónìí ju àná lọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí náírà. Ìṣirò rẹ̀ ò le: 1,000 sẹ́fà jẹ́ yúrò kan àbọ̀ àti díẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta yúrò ní 1,600 náírà, 1,000 sẹ́fà á tó nǹkan bíi 2,440 náírà. Èrè oníṣẹ́ńjì ló kù. Ẹ bèèrè iye tó ń rà àti iye tó ń tà. Àlàfo àárín méjèèjì ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ wo owó náà dáadáa. Sẹ́fà tiwa níhìn-ín ní àwòrán ẹja tí ẹnu rẹ̀ rí bí ayùn, àti lẹ́tà kan: B fún Bẹ̀nẹ̀, T fún Tógò. Lẹ́tà yòówù kó jẹ́, wọ́n ń ná an ní Kútọnu. Ti Kamẹrúùnù àti Gàbọ̀n ni wọn kì í ná níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni.

Ní ti màgòmágó, èyí ti pẹ́: ẹ ka owó tí wọ́n kó fún yín, ó dín ẹyọ kan. Oníṣẹ́ńjì ní, "Ẹ mú un wá kí n fi kún un." Ó fi ẹyọ kan lé e lójú yín, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti fa mẹ́rin yọ lábẹ́. Owó tí ẹ bá ti kà, ẹ má dá a padà. Ẹyọ tó kù nìkan ni kẹ́ ẹ gbà.

Láti 1989 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún àwọn ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀, tí wọ́n ń pè ní BDC, níwèé àṣẹ. Ẹni abẹ́ agbòòrùn kì í sábà ní in, kì í sì í já rìsíìtì. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi máa ń ní oníbàárà kan ṣoṣo tí wọ́n ń lọ bá.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ kì í gbé náírà dání mọ́. Wọ́n á fi fóònù sanwó sí àkáǹtì, wọ́n á gba sẹ́fà lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù ti wá ṣí sọ́dọ̀ oníṣẹ́ńjì, nítorí àlàáàtì ayédèrú. Ẹ fi fóònù yín hàn án títí, kò ní wò ó. Àfi kówó wọlé sórí tirẹ̀ kó tó na sẹ́fà sí yín.