Iná Gáàsì Inú Pálọ̀: Ìgbà Wo Ló Ń Dún?

"Ọmọ mi, iná yìí ò jẹ́ kí n gbádùn." Ẹnjiníà kò tíì bọ́ kóòtù tí ìyá onílé ti gbé ẹjọ́ kalẹ̀. "Á máa ta kẹ́, kẹ́, kẹ́. Á tún dún gbòà! Àyà mi á sì já. Bá mi gbé e kúrò, jàre."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "Ìgbà wo ló ń ta kẹ́? Ìgbà wo ló ń dún gbòà? Tí ẹ bá ń tàn án ni, àbí tí ẹ bá pa á tán?"

Ìyá ro ó. Gbòà yẹn, ìgbà títàn ni. Kẹ́-kẹ́ náà, tó bá ti pa iná tó sì gòkè lọ sùn ni. Ẹnjiníà mi orí, ó ní ìdajì iṣẹ́ òun ti tán.

Peckham ni èmi àti ẹnjiníà náà wà, ní gúúsù London, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ilé náà wà lára àwọn ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Èédú ni wọ́n ń dá nínú pálọ̀ wọn nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ṣímínì fi wà níbẹ̀. Lónìí, inú ihò èédú yẹn ni iná gáàsì jókòó sí.

Kí ẹnjiníà tó fọwọ́ kan nǹkan, ó yọ káàdì rẹ̀. Gas Safe Register ni àkọsílẹ̀ orúkọ tí òfin Britain ní kí oníṣẹ́ gáàsì wà nínú rẹ̀. Ó gbapò CORGI ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2009. Fọ́tò wà níwájú káàdì, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ irú iṣẹ́ tí ẹni náà gbàṣẹ láti ṣe, nítorí ẹni tó mọ bọ́ílà tún ṣe lè má gbàṣẹ lórí iná inú pálọ̀. Ìyá gba káàdì, ó wọ jígí, ó yí i padà, ó sì kà á dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà ní pípa

Abẹ́ àtẹ̀gùn la kọ́kọ́ lọ, níbi tí mítà gáàsì wà. Ẹnjiníà pa gbogbo ohun tó ń lo gáàsì nínú ilé, ó so gééjì mọ́ mítà, ó jẹ́ kí gáàsì wọ páìpù díẹ̀díẹ̀ títí gééjì fi ka mílíbà 20, ó sì tì í. Ó dúró fún ìṣẹ́jú kan kí páìpù fara rọ, lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ gééjì fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Kò yẹ̀. Páìpù ilé kò jò.

"Màmá, tí ẹ bá gbọ́ ṣììì nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa, tàbí tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣe dúró dè mí. Ẹ ti fáàfù ẹ̀gbẹ́ mítà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì kankan, ẹ bọ́ síta, kí ẹ wá pe 0800 111 999." Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà náà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń gbé e. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò lóòórùn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ń rùn sí i ni, kí imú lè tètè mọ̀.

Nígbà títàn

Ó kúnlẹ̀ síwájú iná, ó tẹ bọ́tìnì: tá! Iná kékeré tí wọ́n ń pè ní pilot yọ. Kò tètè yọwọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú iná kékeré yẹn, thermocouple lorúkọ rẹ̀. Bó bá ti gbóná, á máa mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde, òun ló sì ń di fáàfù gáàsì mú kó má pa dé. Ẹnjiníà mọ̀ọ́mọ̀ pa iná kékeré náà kí a lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. A dúró. Irin náà tutù, fáàfù sì ti ara rẹ̀: tọ́!

"Ìró tó ń ṣọ́ yín nìyẹn, Màmá. Tí iná kékeré bá kú tí ẹ ò gbọ́ ọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ pè mí."

Ó tún tàn án, ó sì yí i sí iná ńlá. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbòà! Èmi gan-an fò sẹ́yìn. Ó pa á, ó jẹ́ kó tutù, ó sì tú àwọn èédú àtọwọ́dá orí rẹ̀ wò. Ọ̀kan ti fara ti iná kékeré, eruku sì ti dí ibi tí iná ńlá ń gbà yọ. Gáàsì ń jáde, kò tètè rí iná, ó ń kóra jọ, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ta ló to èédú yìí, Màmá?"

"Ọmọ ọmọ mi ni, nígbà Kérésì. Ó ní bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀ ò dáa lójú."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó fi àwòrán inú ìwé iná náà hàn wá: èédú kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀, torí pé àárín wọn ni iná ń gbà. Ó gbọn eruku, ó tò wọ́n bí ìwé ṣe wí, ó tún tàn án. Fùú. Ó gbà jẹ́jẹ́.

Nígbà tó ń jó

Kò pẹ́ tí kẹ́, kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Irin tó ń gbóná ń gùn sí i, tó bá ń tutù, á sún kì; ibi tí irin méjì bá ti fara kanra ló ti ń ta. Ohun tí Ìyá ń gbọ́ lóru nìyẹn, irin tó ń tutù. Kò nílò àtúnṣe kankan.

Súfèé ńkọ́? Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà, ẹnu ṣímínì lè fọn ún. Ṣùgbọ́n súfèé tó ń dún kìkì ìgbà tí ẹ bá yí iná sókè, tí ìta sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ gáàsì ni. Ẹ pe ẹnjiníà. Ní ti àwọ̀, irú iná tó ń ṣe bí èédú yìí máa ń pọ́n lórí, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ohun tí kò yẹ kí ẹ rí ni dúdú èéfín lára ògiri tàbí lórí èédú.

Èyí tí kò dún rárá

Ó ti fèrèsé, ó jẹ́ kí iná jó fún ìgbà díẹ̀, ó sì na ìṣáná eléèéfín kan sí etí ihò iná. Èéfín fà wọ inú ṣímínì. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó tan fáànù tó ń fa ooru ọbẹ̀ síta. Èéfín ìṣáná yí padà, ó ń bọ̀ lójú wa.

Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ ilé síta, òmíràn kò sì ríbi wọlé àfi gba inú ṣímínì. Ẹnjiníà gbé kọ́tìnnì sókè. Bíríkì oníhò wà lára ògiri. Wọ́n ti fi tépù lẹ páálí bò ó.

"Òtútù ló ń gbabẹ̀ wọlé," ni Ìyá wí.

Ó ya páálí kúrò, ó tún ìṣáná tàn, fáànù ṣì ń yí. Èéfín gba ṣímínì lọ.

Gáàsì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó máa ń bí carbon monoxide. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dípò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé. Òun náà ló ń pa ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn nílé wa. Orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ ènìyàn, inú á máa rìn. Bí ara bá ń yá nígbà tí ẹ bá jáde, tí gbogbo ará ilé sì jọ ń ṣàìsàn, ilé ni kí ẹ fura sí.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó di dandan ní England kí onílé tó gbé ilé sílẹ̀ fún ayálégbé fi alámù carbon monoxide sí yàrá tí irú iná yìí wà. Òfin gáàsì ọdún 1998 sì ní kó máa mú ẹnjiníà wá lọ́dọọdún. Ìyá ló ni ilé tirẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bi í. Ẹnjiníà kan alámù mọ́ ògiri, lókè, ó fi tó mítà méjì jìn sí iná. Ó kìlọ̀ pé alámù kì í sáré: bí carbon monoxide bá wà ní 50 nínú mílíọ̀nù kan, ó lè tó wákàtí kan kó tó ké; ní 300, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tó bá kàn ń dún pí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń tán lọ.

Kí a tó jáde ni Ìyá ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Deptford. Kò bèèrè bóyá iná tìyẹn ń dún. "Ihò afẹ́fẹ́ pálọ̀ rẹ dà?" ló ń wí. "Kí lo fi dí i? Dìde, lọ yọ ọ́ báyìí, mo ń dúró."