Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Irin

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo Ìfàkì-Èkìtì, oríta tí ọ̀nà Adó, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ti pàdé, a ó rí i pé ojú irin kò dé ibẹ̀ rí. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Ilẹ̀ Èkìtì wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, kò sì yà síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìfàkì, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé ni ó jẹ́ pé inú àwòrán nìkan ni wọ́n ti mọ ọkọ̀ ojú irin.

Àwòrán kò lè fi bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń di irin mú hàn, kò sì lè fi bí ọkọ̀ ṣe ń yà láti ojú irin kan bọ́ sí òmíràn hàn. Ohun kékeré tí a ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ńlá ni ó lè fi í hàn. Olùkọ́ tí ó ní páálí, agolo, igi fẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ mímú lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti la ẹnu láti ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ yóò wọ́n ọn. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni pé kí ọ̀rọ̀ má ṣe wọ́n olùkọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá dé ibi tí ó le.

Ère, ohun ìṣeré àti àwòṣe

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń wá sí ẹnu àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní model. Èkíní ni “ohun ìṣeré”. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọdé máa ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tí wọ́n sì máa ń gé sálúbàtà tí ó ti gbó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń bi ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè pé èló nínú èló ni mọ́tò rẹ̀ jẹ́ sí mọ́tò gidi. Ibi tí a bá ti béèrè ìbéèrè yẹn ni ìṣeré ti di ẹ̀kọ́.

Èkejì ni “ère”. Ọ̀rọ̀ yìí lọ́lá ní Èkìtì, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá wo ère Ẹpa tí ó gbé jagunjagun lórí ẹṣin, jagunjagun a máa tóbi, ẹṣin a máa kéré lábẹ́ rẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ a sì kéré sí i. Kì í ṣe pé gbẹ́nàgbẹ́nà kò mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó. Ipò ni ó fi ń wọn nǹkan: ẹni tí ó ní ọlá jù ni ó ń gba àyè jù. Nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a fi ń wọn ọba, ìránṣẹ́, ilẹ̀kùn àti ìṣó. Bí olùkọ́ bá pè é ní ère, àwọn ọmọ yóò rò pé orí ọkọ̀ lè tóbi ju bí ó ti yẹ lọ nítorí pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀kẹta, “àwòṣe”, ni ó yẹ: ohun tí a wo òmíràn ṣe. Àwọn kan lè sọ pé ó sún mọ́ “àwòkọ́ṣe” jù. Ìyàtọ̀ wà. Ìwà ènìyàn ni àwòkọ́ṣe. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ni àwòṣe. Ohun ńlá tí a wò, ẹ̀wẹ̀, kò yẹ kí a pè é ní “ojúlówó”, nítorí pé ayédèrú ni ó máa ń tẹ̀lé ojúlówó lẹ́nu, àwòṣe kì í sì í ṣe ayédèrú. “Ìpilẹ̀” ni ó dára jù.

Ìwọ̀n-ìdínkù àti ìbú ojú irin

Fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní scale, “ìwọ̀n-ìdínkù” ni a dábàá. “Òṣùwọ̀n” nìkan kò tó, nítorí pé òun náà ni a fi ń wọn kòkó àti ẹran lọ́jà. Àǹfààní kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí 1:87 àti 1:64 a máa rò pé èyí tí ó ní 87 ni ó tóbi jù. Bí ó bá mọ̀ pé ìdínkù ni nọ́ńbà náà ń sọ, kò ní ṣìnà: bí ìdínkù bá ti pọ̀ tó ni ohun náà yóò ti kéré tó. Ènìyàn tí ó ga ní 1.70 mítà yóò ga ní nǹkan bí 27 mìlímítà ní 1:64, ṣùgbọ́n yóò ga ní nǹkan bí 20 mìlímítà ní 1:87.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ ni “ìbú ojú irin”, ìyẹn àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ inú irin méjèèjì. Ìbú ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà jẹ́ 1,067 mìlímítà. Ti ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, jẹ́ 1,435 mìlímítà. Lágbàáyé, irin kékeré tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn aláwòṣe ní ìbú 16.5 mìlímítà. Bí a bá fi 87 pín 1,435, 16.5 ni yóò jáde. Bí a bá fi 64 pín 1,067, yóò jẹ́ 16.7, èyí tí ojú kò lè fi yàtọ̀ sí 16.5. Lórí irin kan náà, nígbà náà, olùkọ́ lè fi ọkọ̀ tuntun hàn ní 1:87, kí ó sì fi ọkọ̀ àtijọ́ hàn ní 1:64. Àwọn aláwòṣe ní Ọsirélíà àti ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìbú 1,067 mìlímítà ti wà bákan náà, ti ń lo ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìwọ̀n-ìdínkù àti ìbú ojú irin kò lè ṣàlàyé rẹ̀ láéláé.

Ìwúwo tún ní òfin tirẹ̀. Ká ní orí ọkọ̀ kan wúwo tó 80 tọ́ọ̀nù. Ọmọ tí ó bá fi 64 pín in yóò rí 1,250 kílógíráàmù, ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé. Ṣùgbọ́n òòró, ìbú àti gíga ni ó dínkù pọ̀, nítorí náà 64 ní ọ̀nà mẹ́ta, ìyẹn 262,144, ni a ó fi pín in. Ohun tí yóò kù kò ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ. Ìdí nìyí tí àwòṣe fi máa ń fúyẹ́ jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń yọ̀ lórí irin, tí àwọn aláwòṣe fi ń di òjé sínú rẹ̀.

Ìpele iṣẹ́: ọgbọ́n Ọ̀yẹ́

Orúkọ ìpele iṣẹ́ kò ṣòro, nítorí pé ó ti wà nílẹ̀. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ìfàkì, ni ilé iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll bójú tó láti 1947 wà, níbi tí Bándélé àti Làmídì Fákẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè náà pín iṣẹ́ sí. Ọnà lílé ni kí a kọ́kọ́ la igi sí ìrísí gbogbogbò. Àlétúnlé ni kí a ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn, apá kúrò lára ìhà. Dídán ni kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, iṣẹ́ tí ewé eépín ń ṣe kí sáńpépà tó dé. Fínfín ni ó kẹ́yìn: ọ̀bẹ ni a fi ń fi irun, ìlà àti ọ̀ṣọ́ hàn.

Ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá iṣẹ́ aláwòṣe mu láìyẹsẹ̀. Ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 ní ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, tí ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ògiri àti òrùlé lápapọ̀ ni ọnà lílé. Fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlétúnlé. Ní ibi fínfín ni aláwòṣe ti máa ń ṣe àṣìṣe. Orí páànù kì í tẹ́. Ó ní ebè, ó ní poro. Láti orí ebè kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bí 76 mìlímítà, èyí tí yóò di 1.2 mìlímítà ní 1:64. Bí a bá fi agolo tí ebè rẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bo ilé náà, ojú yóò mọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́. Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ ni “jíjọra”, ọ̀rọ̀ tí Robert Farris Thompson gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá tí ń dá ère lẹ́jọ́, tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1973.

Ní ti àtúnṣe, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. “Àtúnṣe” ni kí ohun tí ó bàjẹ́ tún máa ṣiṣẹ́. “Ìdápadà” ni kí ó rí bí ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwòṣe tí ó dúró lójijì sábà máa ń nílò àtúnṣe díẹ̀ péré. Ojú irin ni iná mànàmáná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí náà ìdọ̀tí orí irin àti ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a ń kọ́kọ́ nù.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Àwòṣe: ohun kékeré tí a ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ńlá.
Ìpilẹ̀: ohun ńlá tí a wò ṣe àwòṣe.
Ìwọ̀n-ìdínkù: iye ìgbà tí àwòṣe fi kéré sí ìpilẹ̀.
Ìbú ojú irin: àlàfo láàárín ẹ̀gbẹ́ inú irin méjì.
Igi ìdábùú: igi tàbí kọnkéré tí irin méjèèjì dúbúlẹ̀ lé.
Ìyànà irin: ibi tí ọkọ̀ ti ń yà sí ojú irin mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó ṣe ń sọ pé Ìyànà-Ìpájà.
Lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín: ìpele mẹ́rin iṣẹ́.
Jíjọra: bí àwòṣe ṣe bá ìpilẹ̀ mu tó.
Àtúnṣe, ìdápadà: bí a ti ṣàlàyé wọn lókè.

Nínú gbogbo wọn, díẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Oko, ọjà, ọ̀nà àti ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ni ìyókù ti wá. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dára kò nílò ju páálí, rúlà àti kíláàsì kan lọ. Bí ọmọ kan ní Ìfàkì bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí 1:64 fi tóbi ju 1:87 lọ, ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sì lè sọ ọ́, kí a tún ilé wò, kí a sì sọ ọmọ ní orúkọ mìíràn.